Idẹ tí ó dógùn-ún nínú ilẹ̀: ẹ má fi kànrìnkàn fọ ìtàn dànù

Ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kì í mọ ìyàtọ̀ láàrin òkúta àti ẹ̀gbà ọwọ́. Bí ó bá ti kan ohun tí ó dún, ẹni tí ń gbẹ́ ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, yóò gbọn erùpẹ̀ dànù, yóò sì rí ohun róbótó kan tí èépá aláwọ̀ ewé ti bò mọ́lẹ̀. Wákàtí kan tí ó bá tẹ̀ lé ìgbà yẹn ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ohun náà. Àárín wákàtí yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kó yanrìn, ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànrìnkàn jáde, tí wọn yóò fi gbo ó títí yóò fi máa dán. Bí ó bá dán tán, inú wọn yóò dùn. Wọn kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n fọ̀ dànù níye lórí ju ohun tí ó kù sí wọn lọ́wọ́ lọ.

Ohun tí a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ lónìí ni bí a ṣe lè dá ohun ọ̀ṣọ́ tí a hú nínú ilẹ̀ tàbí tí a rí létí omi mọ̀, bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ láì bà á jẹ́, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ kí a gbé e lọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Òkukù àti agbègbè rẹ̀

Ìlú tí ogun kò tú rí, inú àpótí ni ohun ọ̀ṣọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ máa ń wà. Ìlú tí ogun bá tú, inú ilẹ̀ ni a ó ti máa bá tirẹ̀. Ìtàn Òkukù kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ ìlú náà: Kookin ni wọ́n ti wá, ogun Ìjẹ̀ṣà ni ó sì fọ́ Kookin. Nígbà tí ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá gbóná ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ará Òkukù tún fi ilé àti oko sílẹ̀, wọ́n lọ forí pamọ́ sí Ìkirun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà wálé. Ẹni tí ń sá fún ogun kì í rí ààyè kó ẹrù tán. Ohun tí kò bá rọrùn láti gbé, yóò rì í mọ́lẹ̀. Ohun tí ó bá bọ́ lọ́rùn tàbí lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò ní padà wá a.

Ẹ tún wo ogun Jálumi, tí wọ́n jà nítòsí Ìkirun ní oṣù kọkànlá ọdún 1878. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun ẹgbẹ́ ogun Ìlọrin àti àwọn tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn. Bí àwọn tí a ṣẹ́gun ti ń sá lọ, odò Ọ̀tìn dí wọn lọ́nà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì já sínú omi, wọ́n kú síbẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ ogun náà ti wá. Odò yẹn kan náà ni a fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn lórúkọ, tí Òkukù jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ẹni tí ń wa yanrìn létí Ọ̀tìn bá rí ìjánu ẹṣin, ṣaworo tàbí òrùka nínú ẹrọ̀fọ̀.

Lóde òní, ilẹ̀ tí à ń gbẹ́ ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn ènìyàn ń kọ́lé, wọ́n ń gbẹ́ kànga, wọ́n ń la ọ̀nà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ní ọgbà kan ní Òkukù, ilé titun sì ń tẹ̀ lé irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri láti ra irin àlòkù kò sì jìnnà. Ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń ra idẹ. Kò sí èyí tí ó kàn wọ́n nípa ẹni tí ó wọ̀ ọ́ rí. Ohun tí ó bá ti wọ inú ìkòkò ayọ́rin kò tún lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí Ilé-Ifẹ̀ àti Igbo-Ukwu kọ́ wa

Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníje, nítòsí ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, kan àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà rọ. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé ni ó lọ wá wọn, ọkọ́ lásán ni ó hú wọn jáde. Kí gbogbo ayé tó mọ̀ bí wọ́n ti níye lórí tó, díẹ̀ nínú wọn ti kúrò nílùú. Ọ̀kan dé Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Méjì bọ́ sọ́wọ́ William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó dá wọn padà ní 1950. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó tún ṣe kòńgẹ́ irú ohun bẹ́ẹ̀ nínú Ilé-Ifẹ̀ kan náà.

Ọdún 1938 yẹn náà ni Isaiah Anozie ń gbẹ́ ihò tí yóò máa gbe omi òjò sí nínú ọgbà rẹ̀ ní Igbo-Ukwu, ní ilẹ̀ Ígbò, tí ó fi kan àwọn ohun èlò idẹ. Àwọn ará àdúgbò gba lára wọn lọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw wá gbẹ́ ibẹ̀ tìṣọ́ra-tìṣọ́ra ní 1959 sí 1960, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1964, ó rí ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ̀gbà ẹsẹ̀, adé bàbà àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 100,000. Nítorí pé ó rí wọn níbi tí wọ́n ti wà láti ìpìlẹ̀, ó lè sọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ òkú, èyí tí ó wà lórí rẹ̀, àti èyí tí a kó pamọ́ sí ilé ìṣúra. Èyí tí àwọn ènìyàn ti kó lọ ṣáájú kò lè sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni àwọn ìtàn yìí ń kọ́ wa: ibi tí ohun kan wà, ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára jẹ́ apá kan ohun náà.

Kí ni ó ń mú kí irin dógùn-ún?

Àfi wúrà àti àwọn díẹ̀ bíi tirẹ̀, inú òkúta ni a ti ń yọ irin jáde pẹ̀lú iná. Bí a bá fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ó máa ń fẹ́ padà di òkúta. Omi, afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Bàbà àti idẹ, tí ó jẹ́ àdàpọ̀ bàbà pẹ̀lú irin mìíràn, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú awọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni èépá aláwọ̀ ewé yóò wá bo èyí. Bí ó bá ti pẹ́, ojú òde tí alágbẹ̀dẹ fín, tí ó kọ àrà sí, lè ti kúrò lára idẹ gidi kí ó di ara èépá náà.

Ìdí nìyí tí kànrìnkàn fi léwu. Ẹni tí ó ń ha àwọ̀ ewé kúrò rò pé ìdọ̀tí ni òun ń fọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ gan-an ni ó ń ha dànù. Ìgbà mìíràn wà tí èépá yìí máa ń pa ojú aṣọ tí a fi di nǹkan mọ́, tàbí okùn tí a fi sín ìlẹ̀kẹ̀, nítorí pé omi bàbà kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ òwú. Aṣọ ti jẹrà, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ híhun rẹ̀ ṣì wà lára idẹ. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo tó láti pa ẹ̀rí yìí rẹ́.

A mọ̀ pé àwọn olólùfẹ́ Ọ̀ṣun máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn dán idẹ wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn wí. Idẹ tí à ń lò lójoojúmọ́ kò jọ idẹ tí ó ti sùn nínú ilẹ̀ fún igba ọdún. Ti àkọ́kọ́ kò ní èépá tí ó ní ìtàn nínú. Dídán rẹ̀ jẹ́ apá kan ìlò rẹ̀. Ti èkejì ti di ẹlẹ́gẹ́, òmíràn sì wà tí kò ní irin kankan mọ́ nínú, èépá nìkan ni ó gbé e ró.

Ẹ kọ́kọ́ fi ojú dá a mọ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan omi, ẹ wo àwọ̀ ohun náà dáadáa.

Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ jọ búlúù, bàbà tàbí idẹ ni.

Bí ó bá pọ́n bí erùpẹ̀ ilẹ̀ pupa, tí ó wú, tí ó sì ń ya ní ìpele-ìpele, irin dúdú tí alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọkọ́ àti àdá ni.

Bí ó bá dúdú tàbí tí ó ní àwọ̀ eérú, ó lè jẹ́ fàdákà. Imí-ọjọ́ tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú ilẹ̀ ni ó máa ń sọ fàdákà di dúdú.

Bí ó bá ní ẹfun funfun lára, tí ó rọ̀, tí ó sì wúwo ju bí ó ti tóbi lọ, òjé ni. Àwọn olùsìn Ọbàtálá máa ń wọ ẹ̀gbà òjé, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ wa.

Bí ó bá fúyẹ́ bí ike, tí ó sì ní ìyẹ̀fun funfun lára, alumíníọ́ọ̀mù ni. Kò lè jẹ́ ohun àtijọ́ tí ó jìnnà.

Bí ó bá yọ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí kò ní èépá kankan lẹ́yìn tí erùpẹ̀ ti gbọ̀n kúrò, wúrà ni kí ẹ rò. Wúrà kì í dógùn-ún. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi bàbà pò mọ́ lè ṣú díẹ̀, idẹ tí a sì fi wúrà bò lójú lè tan ènìyàn jẹ, pàápàá níbi tí ìbò náà bá ti ṣí.

Fún òrùka tàbí ẹ̀wọ̀n òde òní, ẹ wá nọ́ńbà kékeré nínú rẹ̀. Nọ́ńbà 375, 585, 750 àti 916 jẹ́ ti wúrà; 925 jẹ́ ti fàdákà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni ìwọ̀n wúrà tàbí fàdákà gidi tí ó wà nínú 1,000. Òrùka tí a kọ 750 sí ní ìdá mẹ́ta wúrà nínú mẹ́rin. Irú èyí kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rárá; ó ṣeé ṣe kí olówó rẹ̀ ṣì wà láyé, kí ó sì máa wá a.

Òòfà àti òṣùwọ̀n

Lẹ́yìn ojú, ẹ lo òòfà. Òòfà inú gbohùngbohùn rédíò tí ó ti bàjẹ́ tó fún iṣẹ́ yìí. Bí ó bá fa ohun náà mọ́ra, irin dúdú wà nínú rẹ̀. Kì í fa wúrà, fàdákà, bàbà, idẹ, òjé tàbí alumíníọ́ọ̀mù. Ojú irin rélùwéè gba Òkukù kọjá, nítorí náà nọ́ọ̀tì, bóòtì àti àfọ́kù irin pọ̀ nínú ilẹ̀ agbègbè náà. Òòfà yóò tètè yọ wọ́n sọ́tọ̀.

Òṣùwọ̀n ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà máa ń ní òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì. Ẹ wọn ohun náà ní gbígbẹ, kí ẹ kọ iye gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi ka orí òṣùwọ̀n, kí ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ohun náà, kí ẹ rì í sínú omi náà láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Nọ́ńbà tí ó bá hàn ni kí ẹ fi pín ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bí ẹ̀gbà kan bá wọn gíráàmù 86 ní gbígbẹ, tí òṣùwọ̀n sì fi 10 hàn nígbà tí ó wà nínú omi, 86 tí a pín sí ọ̀nà 10 jẹ́ 8.6. Ti wúrà jẹ́ 19.3, ti òjé jẹ́ 11.3, ti fàdákà jẹ́ 10.5, ti bàbà jẹ́ nǹkan bí 8.9, ti idẹ jẹ́ nǹkan bí 8.5, ti irin dúdú jẹ́ 7.9, ti alumíníọ́ọ̀mù sì jẹ́ 2.7. Ẹ̀gbà tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, idẹ ni. Èépá tí ó nípọn yóò mú kí nọ́ńbà náà lọ sílẹ̀ díẹ̀, ohun tí ó bá sì ní ihò nínú kò ní fi òtítọ́ hàn. Ohun tí ó bá ti ń ya tàbí tí ó ń rún, ẹ má rì í sómi rárá.

Ẹ kíyè sára fún àwọn ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á láti wo inú rẹ̀. Ẹ má fi iná yọ ọ́ wò. Ẹ má gé e, ẹ má sì fi eyín gé e wò bí ó ti wù kí ó rí.

Kì í ṣe gbogbo ohun róbótó ni ẹ̀gbà

Bí a bá ti mọ irú irin tí ó jẹ́, ó ku kí a mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹ̀gbà idẹ tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí orí rẹ̀ méjèèjì fẹjú bí ẹsẹ̀ ẹṣin, lè má jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́. Mánílà ni wọ́n ń pè é, owó ni. Àwọn oníṣòwò Yúróòpù ni wọ́n ń kó o wá sí etí òkun Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, wọ́n sì fi í ra ẹrú. Ìjọba amúnisìn gba á kúrò nílẹ̀ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní 1948 sí 1949. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì tẹ̀ jáde ní 2023 fi hàn pé agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni idẹ ọ̀pọ̀ mánílà àtijọ́ ti wá, àti pé idẹ náà bá èyí tí a fi rọ àwọn ère Benin mu. Òrùka lásán tí ẹnì kan ìbá ti tà ní kílò ni ó sọ irú ìtàn yìí.

Bí ẹ bá rí ọ̀pá idẹ kékeré méjì, akọ àti abo, tí ẹ̀wọ̀n so orí wọn pọ̀, ẹdan Ògbóni ni. Kì í ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Ohun tí ẹ bá rí ní ojúbọ tàbí nínú igbó òrìṣà kò sọnù, ó ní àwọn tí ó ni ín. Ẹ fi í síbi tí ó wà.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mú. Akún pupa tí wọ́n máa ń gbẹ́ ní Ìlọrin, òkúta líle ni. Sẹ̀gi aláwọ̀ búlúù, gíláàsì ni. Ṣùgbọ́n iyùn, inú òkun ni ó ti wá, irú èròjà kan náà tí ó wà nínú owó ẹyọ àti ìkarahun ìgbín ni a sì fi dá a. Bí ẹ bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan fọ iyùn tàbí owó ẹyọ, yóò hó, yóò sì máa yọ́. Ẹ má gbàgbé pé àfọ́kù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ní Ìgbò Olókun, Ilé-Ifẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ àti àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì ni Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ifẹ̀ ń ṣe gíláàsì tirẹ̀ kí òyìnbó tó dé.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ láì pa á

Kí ẹ tó gbé ohun náà kúrò níbi tí ó wà, ẹ fi fóònù ya á ní fọ́tò, kí ẹ fi owó kọ́ìnì tàbí rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i, bí ilẹ̀ ti jìn tó, àti ohun tí ó wà ní àyíká rẹ̀.

Ohun tí ẹ rí ní ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí ó wà ní gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kí erùpẹ̀ gbẹ lára rẹ̀ níbòòji, lẹ́yìn náà kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, irú èyí tí à ń fi kun ilé tàbí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé, gbá a kúrò. Bí erùpẹ̀ bá le, ẹ fi ẹ̀rún oparun tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tàbí ìṣó. Ibi tí ẹ bá ti rí ojú èépá tí ó le, tí ó sì dán díẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀.

Bí ohun náà bá le koko, tí omi sì di dandan, ẹ lo omi tí a sè tí a gba ooru rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn. Omi ẹ̀rọ ní iyọ̀ àti klórín nínú. Ẹ fi aṣọ òwú nu ún, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá. Irin dúdú kò gbọdọ̀ wọ omi. Gbígbẹ ni ẹ gbọdọ̀ fi gbá a.

Fàdákà òde òní tí ó ṣú nìkan ni ó lè gba oògùn ilé: ẹ tẹ́ bébà fàdákà ìdáná sínú abọ́, ẹ da omi gbígbóná àti sódà tí a fi ń ṣe bísíkíìtì sí i, kí ẹ gbé fàdákà náà lé orí bébà yẹn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Dúdú náà yóò ṣí kúrò láì ha á. Ẹ má ṣe èyí fún ohun àtijọ́, tàbí fún èyí tí ó ní òkúta tàbí ìlẹ̀kẹ̀ lára.

Ásíìdì bátìrì, oògùn ìfọ ilé ìyàgbẹ́ àti kẹrosíìnì kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbí. Ìlera yín náà sì wà nínú rẹ̀. Ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú ní Ìpínlẹ̀ Zamfara nítorí eruku òjé tí ó ń jáde láti ara òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nítòsí ilé. Ẹni tí ó bá ń ha òjé tàbí idẹ nínú yàrá, eruku rẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń fà símú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Ohun tí ó bá ti òkun wá

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìlú òyìnbó ti rí àwọn tí ń fi ẹ̀rọ tí ń ké bí ó bá kan irin rìn létí òkun. Ní ilẹ̀ wa náà, etí òkun Èkó àti Àgbádárìgì kò ṣófo. Iyọ̀ òkun ni ó mú kí ohun ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Òkukù. Fàdákà lè dúdú bí èédú, irin dúdú sì lè kó yanrìn àti ìkarahun mọ́ra títí yóò fi dà bí òkúta. Ohun tí ẹ bá rí nínú omi òkun, ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ. Bí ó bá gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ yóò le, yóò sì fọ́ ọ láti inú wá. Inú omi ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà, títí yóò fi dé ọwọ́ onímọ̀.

Ọkọ̀ ojú omi kan wà tí wọ́n fi sọ orúkọ Ouidah ní ilẹ̀ Benin, ìyẹn Whydah. Ọkọ̀ akẹ́rù ni kí àwọn olè ojú òkun tó gbà á. Ó rì létí òkun Cape Cod ní Amẹ́ríkà ní 1717, Barry Clifford sì rí i ní 1984. Lára ohun tí wọ́n kó jáde ni ohun ọ̀ṣọ́ wúrà tí àwọn Akan ti ilẹ̀ Gánà òde òní ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ohun inú òkúta òkun náà, wọn kò fi òòlù fọ́ ọ. Nítorí pé a mọ ọdún tí ọkọ̀ rì, a mọ̀ dájú pé àwọn ohun ọ̀ṣọ́ yẹn ti wà ṣáájú 1717.

Àrùn idẹ

Bí iyọ̀ bá wọ inú idẹ, àìsàn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ tí kì í dúró. Àmì rẹ̀ ni àmì wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, tí ó dà bí ìyẹ̀fun, tí ó ń padà yọ lẹ́yìn tí a bá ti gbá a kúrò. Èyí yàtọ̀ sí èépá tí ó le, tí ó sì mọ́ ojú. Ọ̀rinrin ni oúnjẹ àìsàn yìí. Ẹ gbé idẹ náà sínú ike tí ó ní ìdérí, kí ẹ kó àwọn àpò kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà titun láti fa omi mu sí i. Ẹ má fi epo pa á lára, epo a máa gbá ọ̀rinrin mọ́ inú. Ẹ ya èyí tí ó ní àrùn sọ́tọ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wò ó. Àsìkò òjò ni ó máa ń pọ̀ jù.

Ta ni ó ni í?

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 tí ó dá Àjọ tí ń mójú tó Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NCMM, sílẹ̀, kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílẹ̀ yìí láì gba àṣẹ. Kò sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti gbẹ́ ilẹ̀ nítorí àtiwá irú ohun bẹ́ẹ̀ láì gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá kàn án lójijì ní ojúṣe láti fi tó àjọ náà létí. Àjọ yìí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ọ̀ṣogbo àti ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Òkukù, Ìkirun àti Ìníṣà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tún wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ, wọn yóò gba ohun náà lọ́wọ́ àwọn lásán. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí, ìjọba sì gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìṣúra tí wọ́n ṣe ní 1996 pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá rí ìṣúra sọ ọ́ láàrin ọjọ́ 14. Bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá fẹ́ ẹ, wọn yóò san owó fún ẹni tí ó rí i àti ẹni tí ó ni ilẹ̀. Láti 1997 ni wọ́n ti ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọ ohun kéékèèké tí àwọn ènìyàn bá rí sílẹ̀, tí wọ́n sì ń dá wọn padà fún ẹni tí ó ni wọ́n. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá wà ní olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ wa, ẹ̀gbà idẹ tí ó ń lọ sínú ọmọlanke kò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ètò náà tó dé, ọba àti baálé wà nílé, olùkọ́ ìtàn wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá rí ohun kan tí kò fẹ́ rin ìrìn-àjò lọ sí Ọ̀ṣogbo lè gbé e dé iwájú wọn, kí ó sì fi fọ́tò àti àkọsílẹ̀ ibi tí ó ti rí i lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí ilẹ̀ pa mọ́ láti ìgbà Kookin tàbí Jálumi kò kánjú. Àwa náà kò gbọdọ̀ fi ìkánjú fọ̀ ọ́.